Kí ló dé tí màmá ń sùn ní pálọ̀ nígbà tí yàrá mẹ́rin ṣófo lókè?

Ìjà yìí ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí tó pọ̀ gan-an, tiwa náà ò gbẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní London pe màmá lórí fídíò lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan, bí màmá ṣe gbé fóònù sókè báyìí ni wọ́n rí i pé ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni fóòmù wà, póò wà lábẹ́ àga, aṣọ wà lórí àga, garawa omi wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n pe àbúrò mi tó wà ní Ṣàgámù, wọ́n ní "ṣé báyìí lẹ ṣe ń tọ́jú màmá, nínú ilé tí àwọn àti bàbá fi owó alájẹṣẹ́kù kọ́?" Àbúrò mi ní òun kọ́ lòun ní kí màmá sùn síbẹ̀, màmá fúnra wọn ni wọ́n sọ pé àwọn ò gòkè mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, WhatsApp ẹbí ti gbóná, ẹnìkan ní ká ta ilé ká ra búńgálò kékeré, ẹnìkan ní ká fi òkè háyà, ẹnìkan ní tí a bá fi háyà ìjọba Èkó máa gbé bíìlì tó ju owó ilé lọ wá, àbúrò bàbá wa wá fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ pé ilé ẹbí ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀.

Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ẹ̀. Èmi ni mo wá ń bi bíríkìlà, mò ń bi nọ́ọ̀sì, mò ń bi lọ́yà, mo dẹ̀ ń jókòó wo màmá. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún èèyàn mi.

Kí là ń pè ní àtúnṣe tó bá ọjọ́ orí mu?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ilé wà, ibi tí èèyàn ń gbé nínú ilé náà sì wà. Ilé ni gbogbo búlọ́ọ̀kù àti páànù, láti géètì títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí èèyàn ń gbé ni ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dé lójoojúmọ́. Nígbà tí ọmọ mẹ́fà wà nílé, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹsẹ̀ ń dé gbogbo yàrá. Nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ tán tí orúnkún wá ń dunni, ilé ò kéré sí i, ibi tí èèyàn ń gbé nínú ẹ̀ ló ń kéré.

Àtúnṣe tó bá ọjọ́ orí mu ni pé kí á tún ibi tí ẹsẹ̀ ń dé yẹn ṣe, kó rọrùn, kó má ṣeé ṣubú sí. Kì í ṣe ká kun gbogbo ilé lọ́dà, kì í ṣe POP, kì í ṣe géètì tuntun. Ẹ wò ó bí agbádá. Tí bàbá bá rù, tí agbádá tí wọ́n dá nígbà tí ara ṣì wà bá wá ń wọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ẹ ò ní sọ ọ́ nù, ẹ ò dẹ̀ ní ní kí bàbá lọ sanra padà. Ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ni, kó gé e, kó gbá a mọ́ ara. Aṣọ tó bá ṣẹ́kù, wọ́n lè fi rán fìlà. Màá padà sórí fìlà yẹn tí a bá dé ọ̀rọ̀ háyà.

Ṣé ìyà ló ń jẹ màmá tí wọ́n fi kó wá sí pálọ̀?

Rárá o. Ọgbọ́n ni, ọ̀pọ̀ ìgbà.

Àwọn bàbáńlá wa ò ní wàhálà yìí. Agboolé àtijọ́, ilẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà, yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú tí àgbàlagbà ń jókòó sí láti àárọ̀, tó ń rí ẹni tó wọlé, tó ń rí ẹni tó jáde, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá. Ilé alájà tí wọ́n máa ń júwe pé ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti àwọn míṣọ́nnárì ní Badagry, ọdún 1845 ni wọ́n parí ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sí Èkó, ló bá di pé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ti ṣe é. Nígbà tí owó Udoji, ìyẹn àlékún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ní 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ fandéṣọ̀n, àwọn tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ nígbà yẹn, tí wọ́n ń sáré gun àtẹ̀gùn bí ewúrẹ́. Àwọn yẹn ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Kò sẹ́ni tó ronú orúnkún nígbà tó ń ya plánù.

Mo bi màmá tiwa léèrè pé kí ló dé gan-an. Orúnkún kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Wọ́n ní òkè ń gbóná, pé oòrùn tí páànù bá mu látàárọ̀, alẹ́ ló ń tú u sílẹ̀ (òótọ́ ni, ẹ lọ sùn sókè ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì nínú oṣù Èrèlé kẹ́ ẹ wá sọ fún mi). Wọ́n ní tí ò bá sí iná, omi ò ní gòkè, àwọn á sì máa pọn garawa. Wọ́n ní tí ẹnìkan bá kan géètì, kí àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ ẹni náà á ti lọ. Wọ́n wá sọ èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́, wọ́n ní tí àwọn bá ṣubú lókè, ta ló máa gbọ́?

Ẹ tún wo àga tí àgbàlagbà máa ń jókòó sí. Tiwọn wà lẹ́bàá fèrèsé. Ọwọ́ òsì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, Bíbélì, ìgò omi. Ọwọ́ ọ̀tún, fóònù, tọ́ọ̀ṣì, rìmóòtù. Iwájú, géètì. Ọ́fíìsì wọn nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wa tó ti London dé ní December tún gbogbo ẹ̀ tò "kó lè rí bákan", ọjọ́ mẹ́ta ni màmá fi ń wá oògùn. Ẹ má kó ọ́fíìsì olóòótọ́ èèyàn dànù torí pé ojú yín ń tì yín fún àlejò.

Ìgbà kan ṣoṣo tó yẹ kí ara fu yín ni tó bá jẹ́ òjijì. Ẹni tó ń gòkè lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò gòkè mọ́ lọ́sẹ̀ yìí, tí òòyì ń kọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíríkìlà, ẹ gbé wọn lọ sọ́síbítù kíákíá.

Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Láàárín bẹ́ẹ̀dì àti tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, lóru. Tí owó yín bá kàn tó ṣe nǹkan kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni kí ẹ ná an sí. Àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé èèyàn bíi 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé, àwọn tó lé ní ọgọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìgbáròkó tó bá kán ní ọgọ́rin ọdún, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ò dìde mọ́.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ méjì, kí ẹ máa wo ibi tí wọ́n ń gbà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wo ara ògiri. Ògiri ilé àgbàlagbà máa ń sọ̀rọ̀, ẹ máa rí i pé ibì kan dúdú lára ọ̀dà, ó dán, ó ga tó ìbàdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn balùwẹ̀, lẹ́yìn àga, níbi kọ̀rọ̀ pásééjì. Ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ti ara wọn ni. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni irin ìdìmú máa wà. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà gbé e síbi tó wu òun.

Irin náà, páìpù tó ṣeé di mú dáadáa ni, kó má nípọn ju ohun tí ọwọ́ lè ká lọ. Wọ́n á gbẹ́ ògiri, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sínú búlọ́ọ̀kù, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì dì í. Ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀ kó gan kí ẹnikẹ́ni tó dì í mú. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹni tó sanra jù nínú yín rọ̀ mọ́ ọn. Tó bá mì, kí wẹ́dà tún un ṣe. Èyí tí wọ́n fi ń kọ́ táwẹ̀lì kì í ṣe irin ìdìmú o, èṣù ló wà nínú ẹ̀, ó máa já ní ọjọ́ tí wọ́n bá nílò ẹ̀.

Tọ́ílẹ̀ẹ̀tì fúnra ẹ̀ máa ń kúrú jù. Ibi tó dáa kí ìjókòó ẹ̀ wà ni íǹṣì 17 sí 19 láti ilẹ̀, kí èèyàn lè dìde láìjẹ́ pé orúnkún ń ké. Bíríkìlà lè gbé e lé orí kọnkéré kékeré, tàbí kí ẹ ra àga ìyàgbẹ́ onírin tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọsibítù, ó ṣeé gbé lé orí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì gan-an, ó dẹ̀ ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóru.

Balùwẹ̀ ńkọ́? Táìlì tó ń dán ni ọ̀tá. Ẹni tó bá fẹ́ tún un tẹ́ kó ra èyí tí ara ẹ̀ ò dán, ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ kó ra rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ tó ní ihò, kó máa gbé e síta kó gbẹ torí ọṣẹ máa ń jẹ́ kóun náà yọ̀. Kí wọ́n jókòó wẹ̀. Àga ike tí gbogbo wa ń lò fún òde máa ń yọ̀ lórí omi, ẹsẹ̀ ẹ̀ dẹ̀ máa ń là síta, àpótí onígi tó wúwo sàn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Kí garawa náà wà lórí àpótí kejì kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀ bu omi.

Ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ wá ni èyí tí kò sẹ́ni tó ń rò. Inú ló máa ń ṣí sí. Tí èèyàn bá ṣubú sẹ́yìn ẹ̀, ara ẹni náà ló máa dí ìlẹ̀kùn, ẹni tó wá gbà á ò ní lè wọlé. Kí káfíńtà yí i kó máa ṣí síta, kí ẹ yọ bóòtì inú ẹ̀ kúrò. Màmá tiwa kọ̀, wọ́n ní àwọn ò lè máa wẹ̀ nílé tí ìlẹ̀kùn ò ní bóòtì, a wá fi kọ́tìnì tó nípọn sí i lójú ọ̀nà pásééjì. Wọ́n gbà.

Tó bá jẹ́ òkè nìkan ni tọ́ílẹ̀ẹ̀tì wà, abẹ́ àtẹ̀gùn tàbí sítọ̀ ni àwọn èèyàn máa ń sọ di tọ́ílẹ̀ẹ̀tì kékeré. Ó ṣeé ṣe, kí ẹ ṣáà wo ibi tí kànga tàbí bọhóòlù wà kí ẹ tó gbẹ́ sókàwéè tuntun. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín wọn.

Ràámpù tí wọ́n ṣe fún mi yìí ga jù, àbí?

Ó ga jù, mo gbà yín gbọ́ láì tíì rí i. Bíríkìlà wa mọ ràámpù ti mọ́tò dáadáa, ti ẹsẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ àìsàn ni wọn ò mọ̀. Òfin ẹ̀ rọrùn, íǹṣì kan sókè, íǹṣì méjìlá síwájú. Tí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà yín bá jẹ́ mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní íǹṣì mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 18, ràámpù yín gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18. Ìyẹn ju yàrá ọ̀pọ̀ wa lọ. Ẹ wá rí ìdí tí èyí tí wọ́n ṣe ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún fi ń yọ̀ bí òkè tí ewúrẹ́ ń gùn.

Tí ààyè ò bá tó, ẹ lè jẹ́ kó yí kọ̀rọ̀, kí pèpéle pẹrẹsẹ wà láàárín tí èèyàn ti lè sinmi. Tí ẹni náà bá ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn, ẹ tiẹ̀ lè fi ràámpù sílẹ̀, kí ẹ sọ àtẹ̀gùn mẹ́ta gíga yẹn di márùn-ún kúkúrú, kí irin wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Apá méjèèjì o. Irin tó wà lápá ọ̀tún nígbà tí wọ́n ń gòkè, apá òsì ló máa wà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ń ṣe irin apá kan a wá ń yà á lẹ́nu pé ìsọ̀kalẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣubú. Kí ẹ fi ọ̀dà funfun kun etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì kan dẹ̀ kọ́ mi pé tí wọ́n bá ń gòkè kí ẹsẹ̀ tó le ṣíwájú, tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ṣíwájú, màmá ti sọ ọ́ di orin.

Iná àti bọ́gílárì, kíákíá: ẹ fi bọ́ọ̀bù kékeré onísólà tàbí èyí tó ń gba iná pamọ́ sí pásééjì tí kò ní kú lóru, kí ó má jẹ́ pé tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n á máa táwọ́ wá nínú òkùnkùn. Wáyà ẹ̀síténṣọ̀n tó gba àárín ilé kọjá, rọ́ọ̀gì tí etí ẹ̀ ká sókè, ẹ kó wọn dànù lónìí. Fèrèsé kan nínú yàrá tí wọ́n ń sùn gbọ́dọ̀ ní bọ́gílárì tó ń ṣí, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kó so nítòsí, ẹlòmíì kó ní ẹ̀dà ẹ̀. A ti fi irin dí ilé wa pa nítorí olè débi pé tí iná bá ṣẹ́ yọ, a ò lè jáde.

Òkè tó ṣófo wá ńkọ́?

Fìlà la fẹ́ rán báyìí.

Yàrá tí wọ́n tì pa kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ikán máa ń wọ férémù, páànù á jò tí kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ògiri á bu. Nítorí náà pé "ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà tí àwọn ọmọ bá wálé ní Kérésì" ń ná èèyàn lówó, ó kàn jẹ́ pé a ò rí owó náà ni. Tí ẹ bá fẹ́ tì í, kí ẹnìkan máa ṣí fèrèsé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kó sì máa gòkè lọ wo sílìn tí òjò bá rọ̀.

Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń fi háyà. Bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀yìn ilé, gáréèjì, gbogbo òkè. Fún tíṣà tó ti fẹ̀yìntì tí owó pẹ́ńṣàn ẹ̀ ò tó ra oògùn oṣù kan, owó háyà yẹn ni ẹ̀mí. Ó tún ní èrè kejì, pé ariwo èèyàn wà nínú ilé lóru. Ayálégbé tó dáa tó wà lókè sàn ju ọmọ tó dáa tó wà ní Canada lọ tó bá di aago méjì òru, ẹ má bínú.

Ibi tí onílé àgbà ti ń kó sí wàhálà ni bí wọ́n ṣe ń gbà á sílé. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òfin ayálégbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, sọ pé lánlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun (òfin yẹn ò kan Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island). Tí ẹ ò bá kọ nǹkan míì sínú àdéhùn, ayálégbé tó ń san lọ́dọọdún, nóòtíìsì oṣù mẹ́fà ni ẹ máa fún un kó tó lè kó jáde. Èyí tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Ẹ wá rò ó, màmá ẹni ọgọ́rin ọdún, ayálégbé di oníjàgídíjàgan, oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa fi jọ gbé abẹ́ òrùlé kan náà, lẹ́yìn ìyẹn nóòtíìsì ọjọ́ méje, lẹ́yìn ìyẹn kóòtù. Ẹ ò dẹ̀ lè yọ páànù lé e lórí tàbí kí ẹ gé iná ẹ̀, òfin ò gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọn pé tí onílé àgbàlagbà bá ń bá ayálégbé gbé inú ilé kan náà, kí wọ́n jẹ́ kó máa san lóṣooṣù, kí wọ́n kọ ìwé. Owó ọdún kan tí a rí gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dùn lójú, mo mọ̀.

Ní ti bí ilé ṣe máa pín, nǹkan mẹ́ta ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, mítà iná, omi, àti àtẹ̀gùn. Kí mítà prepaid ti òkè dá wà. Kí swíìṣì súmò tó ń fa omi wà lọ́dọ̀ onílé. Tó bá ṣeé ṣe, kí àtẹ̀gùn òkè má gba pálọ̀ màmá kọjá, bíríkìlà lè fi ògiri pín pásééjì kí ìlẹ̀kùn òkè dá wà, kí wọ́n má baà máa jí wọn tí wọ́n bá ti òde àríyá dé.

Ṣé ìjọba máa gba owó ilé wa tán tí a bá fi háyà?

Èyí ni ìbẹ̀rù tó pọ̀ jù nínú WhatsApp wa, torí pé gbogbo èèyàn ló rántí ariwo Land Use Charge ti 2018. Land Use Charge ni owó ọdọọdún tí ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀. Iye tó máa jẹ́ dá lórí bí ilé ṣe tó àti ẹni tó ń gbé inú ẹ̀. Apá kejì yẹn ni kò yé àwọn èèyàn.

Lábẹ́ òfin 2020, tó bá jẹ́ onílé nìkan ló ń gbé ibẹ̀, 0.0394% ni, ìyẹn ni pé nínú ẹgbẹ̀rún náírà kan kọ́bọ̀ mọ́kàndínlógójì. Tí onílé àti ayálégbé bá jọ ń gbé ibẹ̀, 0.132%. Tí onílé ò bá gbé ibẹ̀ rárá, tó jẹ́ ayálégbé nìkan, tàbí tó jẹ́ pé ọjà ni wọ́n ń tà níbẹ̀, 0.394%. Ẹ jẹ́ ká fi owó sí i. Ká ní iye tí wọ́n máa ṣírò lé lórí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ẹ̀dínwó, jẹ́ mílíọ̀nù 30. Màmá nìkan, ₦11,820 lọ́dún. Màmá pẹ̀lú ayálégbé, ₦39,600. Tí ẹ bá kó màmá kúrò tí ẹ fi gbogbo ilé háyà, ₦118,200.

Nítorí náà òótọ́ ni pé owó náà máa lọ sókè, irọ́ ni pé ó máa ju owó ilé lọ. Yàrá kan lásán ní Ìkòròdú, owó oṣù mélòó kan ẹ̀ á san án. Ẹ tún wo èyí, pé bí màmá ṣì ṣe wà nínú ilé yẹn ló jẹ́ kó jẹ́ ₦39,600 kó má jẹ́ ₦118,200. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká kó wọn lọ sí London ká fi ilé háyà, mo fi ìṣirò yìí ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n kàn fi àtàǹpàkò dáhùn.

Ọ̀kan ṣì kù: ẹni tó ti fẹ̀yìntì tó ń gbé inú ilé ara ẹ̀, òfin náà yọ ọ́ kúrò nínú owó yìí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń san án láìmọ̀. Kí ẹ mú ìwé ìfẹ̀yìntì àti ìwé ilé lọ bá wọn ní ọ́fíìsì Land Use Charge kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì bèèrè kí ẹ tó gba ayálégbé, torí èèyàn kejì nínú ilé lè yí ọ̀rọ̀ náà padà.

A fẹ́ la ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé, ṣé a kàn lè fọ́ ògiri?

Ẹ má fọ́ ọ. Ní Èkó, ìwé àṣẹ LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fúnni láṣẹ ilé kíkọ́, ni ẹ máa kọ́kọ́ gbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ibi ìgbé di ibi ọjà, LASBCA, àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́, sì lè wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí yín lára ògiri. Kí ẹ tiẹ̀ fi ìjọba sílẹ̀, ògiri iwájú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tó gbé òkè dúró, ẹni tó bá fọ́ ọ láìfi bíìmù ṣe àtìlẹ́yìn fẹ́ kí òkè wá bá òun ní ìsàlẹ̀ ni. Ẹ pe ẹnjiníà. Ẹni tó bá kàn fẹ́ ta omi tútù àti bisikíìtì kó gbé tábìlì sábẹ́ ìbòòji, ó tó.

Ilé ẹbí ni, ta ló láṣẹ?

Fóìsì nóòtù àbúrò bàbá wa ló gbà mí lákòókò jù. Nínú àṣà Yorùbá, tí ọkùnrin bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé ẹ̀ di ti àwọn ọmọ ẹ̀ lápapọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe àwọn àbúrò ẹ̀. Ẹbí tó ni ilé náà ni ọmọ tí bàbá bí, dáwódù, ìyẹn ọmọkùnrin àgbà, ló ń ṣe olórí, tí ẹ bá sì fẹ́ tà á, dáwódù àti àwọn aṣojú gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Ìyàwó, lábẹ́ àṣà yẹn, kì í jogún, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè lé e jáde. Tó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó rẹ́jísírì ni wọ́n ṣe bíi tàwọn òbí wa, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ pátápátá, òfin ní ìpín fún ìyàwó, ẹ lọ bá lọ́yà. Tiwa tún rọrùn torí orúkọ màmá wà lórí ìwé ilẹ̀, wọ́n jọ ra á ni.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń fi dọ́là tún ilé ẹbí ṣe mọ̀. Tí ilé bá jẹ́ ti ẹbí, tí ìwọ nìkan bá wá ná mílíọ̀nù márùn-ún sí i, ilé náà ò di tìẹ. Ti gbogbo yín ló ṣì jẹ́. Torí náà tó o bá fẹ́ ṣe tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ìsàlẹ̀ fún ìyá ẹ, ṣe é nítorí ìyá ẹ. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ gba owó náà padà lára owó háyà, kí gbogbo yín kọ ọ́ sílẹ̀ kí sìmẹ́ńtì tó dé.

Níbi tí tiwa já sí, a sọ yàrá àlejò ìsàlẹ̀ di yàrá màmá, irin ìdìmú mẹ́ta, tọ́ílẹ̀ẹ̀tì tó ga, bọ́ọ̀bù sólà méjì, òkè wá wà lọ́wọ́ tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, lóṣooṣù. Ọjọ́ tí wẹ́dà parí iṣẹ́, màmá ní àwọn ò bèèrè irin, àwọn kì í ṣe arọ. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, ìró méjì àti gèlè kan wà lórí irin balùwẹ̀, wọ́n ń gbẹ. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣì wà níbi tó wà. Fóòmù pálọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, wọ́n ní ó dáa kó wà ńbẹ̀, torí ọjọ́ tí ooru bá pọ̀.